Kí Ẹ Tó Kúrò ní Iléṣà: Bí A Ṣe Ń Kó Owó Rìn àti Bí A Ṣe Ń Ṣẹ́ńjì Rẹ̀ ní Ìlú Onílùú

Tòbí ìyá mi ṣì wà nínú àpótí mi. Aṣọ kíjìpá dúdú ni, wọ́n rán àpò mẹ́ta mọ́ ọn, okùn tó fi ń so ó mọ́ ìdí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ló máa ń wà ní àpò ọ̀tún, owó ọjà ní àpò òsì. Èyí tó wà láàárín, tó fara mọ́ ikùn, ló máa ń pè ní "má fọwọ́ kàn mí." Òṣómàáló ni bàbá tó bí i, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè: "Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gba owó mi." Ẹni tó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde kì í fi owó ṣeré.

Èmi náà ń ta aṣọ, ní ọjà Atakúnmọ́sà níbí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lọ ra ọjà ní Kútọnu, Lomé àti Accra, mo sì ti lọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì lọ wo ọmọ mi. Ohun tí mo rí ni pé owó tí arìnrìn-àjò ń pàdánù nídìí ṣẹ́ńjì pọ̀ ju èyí tí olè ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Olè, a máa ń ṣọ́ra fún un. Ti ṣẹ́ńjì, a kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ. Nítorí náà ni mo ṣe to ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀ báyìí, láti ilé títí dé ilé.

1. Ẹ mọ owó tí wọ́n ń ná níbi tí ẹ ń lọ

Náírà ò rìn jìnnà. Ní bọ́dà Sèmè, wọ́n á máa pè yín pé kí ẹ mú un wá; ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ò mọ̀ ọ́n rí.

Séfà la máa ń bá pàdé jù láti ìhà tiwa. Orílẹ̀-èdè 8 ló ń ná an: Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Kódìfúà, Burkina Faso, Mali, Niger, Senegal àti Guinea-Bissau. Àmì ẹja wà lára owó náà, lẹ́tà kan sì wà pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀ tó ń sọ orílẹ̀-èdè tó ti jáde: B fún Bẹ̀nẹ̀, T fún Tógò, A fún Kódìfúà. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Lomé pé séfà tó ní B lára ò ṣeé ná lọ́dọ̀ òun, ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni. Owó kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ séfà mìíràn wà, èyí tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù, Chad àti àwọn mẹ́ta mìíràn níhà ibẹ̀. Orúkọ wọn jọra, iye wọn dọ́gba, síbẹ̀ ọlọ́jà Kútọnu ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. BEAC ni wọ́n kọ sára tọ̀hún, BCEAO ni wọ́n kọ sára ti ìhà tiwa. Ẹ kà á kí ẹ tó gbà á.

Sídì ni ti Gánà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2007, wọ́n sọ 10,000 sídì àtijọ́ di 1 sídì tuntun, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá ọjà sì tún ń fi ti àtijọ́ dá owó lé ọjà. Tí iye tí wọ́n pè bá dẹ́rù bà yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

2. Báńkì ló kàn, kó tó kan àbókí aṣẹ́ńjì

Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ fàyè gba ẹni tó ń rìnrìn àjò láti ra owó òkèèrè lọ́wọ́ báńkì rẹ̀: $4,000 láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ẹni tó ń bá tara rẹ̀ lọ, $5,000 fún ẹni tó ń lọ ṣòwò. PTA ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, BTA ni èkejì. Ẹ kó ìwé ìrìnnà, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, àti nọ́ḿbà BVN yín dání, wọ́n á ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú Form A, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó òkèèrè. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka tí ẹ ti ṣí àkáǹtì bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é tàbí ẹ̀ka ńlá ló ń bá wọn ṣe é, kí ẹ má baà máa lọ máa bọ̀ bí ẹni ń wá ọmọ.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti sọ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n má fi kéèṣì san owó yìí mọ́. Inú káàdì tàbí ojú ẹ̀rọ ni kí wọ́n máa gbà san án. Torí náà, kéèṣì tí ẹ fẹ́ mú dání, ọ̀nà mìíràn lẹ máa gbà wá a. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, kó ṣí àkáǹtì dọ́là, kí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ máa rọra jọ síbẹ̀.

Ẹ má sì sún rírà rẹ̀ síwájú di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọkọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 lọ́dọ̀ ìjọba ré kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń kó owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ jọ ní náírà láti bí ọdún kan. Owó tó pé lọ́jọ́ Àìkú, kò pé mọ́ lọ́jọ́ Àìkú kejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ra àgbàdo sílẹ̀ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

3. Ẹ pín in bíi ti tòbí

Gbogbo owó ò gbọ́dọ̀ wà lójú kan. Owó tí ẹ máa ná lọ́jọ́ náà nìkan ni kó wà nínú pọ́ọ̀sì. Owó ńlá, ara ni kó wà. Mo máa ń ní kí télọ̀ rán àpò pẹlẹbẹ sínú yẹ̀rì mi lápá iwájú, tó ní síìpù, mo sì máa ń fi ọ̀rá wé owó náà kí n tó tì í bọ̀ ọ́, torí òógùn máa ń ba owó jẹ́, aṣẹ́ńjì sì lè fi ìyẹn gé iye rẹ̀. Àwọn ọkùnrin lè wọ bẹ́líìtì tó ní àpò nínú. Káàdì, ibi kẹta ni. Ẹni tó wà nílé tó lè fi owó ránṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ bá bà jẹ́, ibi kẹrin nìyẹn.

Ẹ má ṣí àpò ara lójú ọjà. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aṣẹ́ńjì, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ yọ iye tí ẹ fẹ́ ṣẹ́ńjì nìkan. Ẹ má fi owó sínú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú tàbí èyí tí dírẹ́bà máa dì sẹ́yìn ọkọ̀. Kí ẹ sì kọ nọ́ḿbà tẹlifóònù báńkì yín sínú bébà kan, kó má jẹ́ pé inú fóònù nìkan ló wà. Fóònù àti pọ́ọ̀sì sábà máa ń jọ sọnù pọ̀ ni.

Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ láyé àtijọ́, 20,000 ni, alárù ló ń rù ú. Tiwa rọrùn púpọ̀.

4. Ẹ yẹ owó wò kí ẹ tó gbà á

Dọ́là $100 ni wọ́n ń fi owó gidi rà. $1, $5, $10 àti $20, àwọn àbókí máa ń dín owó wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti olórí kékeré, èyí tí àwòrán orí ara rẹ̀ kéré, tí wọ́n tẹ̀ kí ọdún 1996 tó dé. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kì í sọ pé dọ́là òun ti gbó, gbogbo rẹ̀ ṣeé ná lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìṣòro náà wà. Nítorí náà, ẹ mú $100 fún ṣẹ́ńjì, kí ẹ sì mú kéékèèké díẹ̀ fún tasí àti omi mímu tí ẹ bá ń lọ sí ibi tí wọ́n ń ná dọ́là.

$100 tuntun tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ní ọ̀já aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n hun mọ́ inú bébà náà. Tí ẹ bá ń gbé owó náà sọ́tùn-ún sósì, àwọn agogo kéékèèké tó wà nínú ọ̀já náà á máa sún, wọ́n á sì máa di nọ́ḿbà 100. Ẹ fi èékánná ra èjìká ọkùnrin tó wà lára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ há díẹ̀. Tó bá ń yọ̀ bí bébà ìwé, ẹ dá a padà. Èyí tó ya, tí wọ́n kọ nǹkan sí tàbí tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí lára, ẹ má gbà á, torí ẹni tí ẹ máa gbé e fún náà ò ní gbà á.

Ti pọ́n-ùn, ọ̀rọ̀ tó dùn mí ni. Màmá kan ládùúgbò Ìṣọ̀kun gbé àpò ìwé kan wá bá mi, pọ́n-ùn ni ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti ọdún pípẹ́, ó tò ó sínú Bíbélì, bébà ni gbogbo rẹ̀. £5 bébà ti kúrò nínà ní ọdún 2017, £10 bébà ní 2018, £20 àti £50 bébà ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Oníke ni wọ́n ń ná báyìí. Owó màmá náà ò tíì sọnù, torí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gbà á, wọ́n sì ń fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ní láti wá ẹni tó ń lọ kó bá a gbé e dé ibẹ̀. Tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ yọ ọ́ síta lónìí.

5. Káàdì

Ẹ bi báńkì yín ní ohun mẹ́ta kí ẹ tó lọ: ṣé káàdì yìí máa ṣiṣẹ́ níta Nàìjíríà, èló ló lè ná lóṣù, ṣé inú náírà ni wọ́n á ti yọ ọ́ ni àbí inú dọ́là? Káàdì tó bá yín lọ lọ́dún kan lè má dá yín lóhùn lọ́dún kejì. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ló ti káàdì náírà pa fún ọjà òkèèrè; ọdún 2025 ni àwọn kan tó tún un ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kóòdù. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ èyí. Mo fẹ́ sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lórí fóònù ọmọ mi, báńkì ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí láìnì mi. Láìnì yẹn wà nínú fóònù mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n ṣí i fún òkèèrè kí n tó kúrò nílé. Kóòdù ò wọlé títí mo fi padà dé Nàìjíríà. Owó wà nínú àkáǹtì, mi ò rí i ná. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni láìnì yín, kí wọ́n ṣí i, kí ẹ sì fi owó sórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti káàdì bọ ẹ̀rọ ATM tàbí POS lọ́hùn-ún, ó lè bi yín bóyá owó ilé yín lẹ fẹ́ kó fi ṣírò rẹ̀ àbí owó ìlú tí ẹ wà. Ẹ yan owó ìlú tí ẹ wà. Tí ẹ bá yan ti ilé, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa dá iye lé e, iye rẹ̀ sì máa ń le ju ti báńkì yín lọ. Gbígbà díẹ̀díẹ̀ náà tún ń jẹ owó, torí wọ́n lè yọ owó iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbà á. Ẹ gba èyí tó máa tó yín lò fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà.

6. Níwájú aṣẹ́ńjì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ibí ni owó ti ń yọ́.

Iye méjì ló wà lẹ́nu gbogbo aṣẹ́ńjì: iye tó fi ń rà àti iye tó fi ń tà. Àárín méjèèjì ni èrè rẹ̀. Ká ní ó ń ta 1,000 séfà ní ₦2,500, tó sì ń rà á ní ₦2,400. Tí ẹ bá fún un ní ₦500,000, ẹ máa gba 200,000 séfà. Tí ẹ bá ṣẹ́rí padà lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ò lọ mọ́, ₦480,000 ló máa kà fún yín. ₦20,000 ti lọ, ẹ ò sì tíì ra abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi wọ́n pé, "Èló lẹ fi ń rà? Èló lẹ fi ń tà?" kí n tó sọ èyí tí mo fẹ́. Tí ó bá ti mọ̀ pé rírà lẹ fẹ́ rà, ẹnu rẹ̀ á yí. Ẹni tí àárín rẹ̀ bá fẹ̀ jù, mo kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́ńjì ni wọ́n ń gé díẹ̀ lára rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń ti náírà bọ́ sí dọ́là, kó tó ti dọ́là bọ́ sí séfà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé e. Fún Kútọnu, náírà sí séfà tààrà ni mo máa ń ṣe.

Àwọn owó kan sì wà tí wọ́n ti dè mọ́ ara wọn, tí iye wọn kì í yí lójoojúmọ́. Ìwọ̀n gidi lèyí lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Yúrò 1 jẹ́ 655.957 séfà, €100 nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi 65,596 séfà. Tí wọ́n bá ní 60,000 làwọn máa fún yín, ẹ ti mọ̀ pé ó lé ní 5,500 tó fẹ́ wọ àpò wọn. Ẹ̀yin tó ń lọ Mẹ́kà, dọ́là 1 jẹ́ ríyà 3.75, bẹ́ẹ̀ ló wà láti ọdún 1986. $100 jẹ́ ríyà 375. Ti Dubai, $100 jẹ́ dírámù 367 àti díẹ̀ lé. Wọ́n á yọ díẹ̀ lára rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ máa mọ bí díẹ̀ náà ṣe tó.

Ṣẹ́ńjì inú pápákọ̀ òfurufú àti ti inú hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wọ́n jù. Ẹ ṣe èyí tó máa gbé yín dé ilé tí ẹ máa sùn sí níbẹ̀, kí ẹ ṣe ìyókù nígboro lọ́jọ́ kejì. Ní Nàìjíríà níbí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Àkọlé ara ògiri nìkan ò tó ẹ̀rí: ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ṣẹ́ńjì 4,173. Ẹ gba rìsíìtì.

Wàyí o, ọwọ́ wọn. Ọdún kan ní Sèmè, ọmọkùnrin kan ka séfà lé mi lọ́wọ́. Mo kà á, ó dín 5,000.

"Ó dín," mo wí.

"Màmá, ẹ má bínú, ẹ mú un wá."

Ó gbà á, ó kà á lójú mi, ó fi 5,000 aláwọ̀ ewé kan lé e lórí, ó ká a, ó fi rọ́bà dè é, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. "Màmá, ọlọ́pàá ń bọ̀, ẹ tètè máa lọ." Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ọlọ́pàá kankan. Kútọnu ni mo ti tú rọ́bà náà. 10,000 mẹ́rin ti bọ́ kúrò nísàlẹ̀ níbi tó ti ń fi ọ̀kan sókè. 40,000 séfà, owó ọ̀pọ̀ aṣọ.

Owó tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín padà sọ́wọ́ aṣẹ́ńjì, owó tuntun ni. Ẹ kà á látìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú yín ló ṣe kà á. Tó bá dín, ẹ má dá a padà, kó fi ìyókù lé yín lọ́wọ́. Náírà yín ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín kí tiwọn tó pé. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú ẹnì kejì dání, kí ẹ̀yin máa kà, kí òun máa wo ọwọ́.

7. Kọ́sítọ́ọ̀mù

Owó tó bá ju $10,000 lọ, tàbí iye rẹ̀ ní owó mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà nígbà tí ẹ bá ń jáde àti nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Òfin ò ní kí ẹ má mú un dání. Fífi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì lè gbà á. Iye tí Amẹ́ríkà náà fi sílẹ̀ nìyẹn, tí ìdílé kan bá sì jọ wọlé, wọ́n á ro owó gbogbo wọn pọ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní £10,000, àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ní €10,000. Ẹ di ìwé tí wọ́n bá fún yín mú.

8. Tí owó bá tán lọ́nà

Ẹ ní kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín tó wà lókè òkun lọ sí Western Union tàbí MoneyGram. Nọ́ḿbà tó ní ẹyọ 10 ni Western Union máa fún un, ẹyọ 8 ni ti MoneyGram. Òun á pè é fún yín, ẹ̀yin á mú un lọ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà. Orúkọ tó kọ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìrìnnà mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Tó bá kọ orúkọ oríkì tí wọ́n ń pè yín nílé, wọn ò ní san án. Ní Gánà, mobile money wà káàkiri, ẹni tí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀ lè gbà á fún yín.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan láàárín ẹ̀yin àti ará ilé. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń jí WhatsApp èèyàn, wọ́n á kọ̀wé sí àwọn ẹbí pé "owó tán lọ́wọ́ mi, mo wà ní bọ́dà." Orúkọ ewúrẹ́ kan tí ìyá mi sìn nígbà tí a wà lọ́mọdé ni tiwa. Tí àbúrò mi ò bá tíì gbọ́ orúkọ ewúrẹ́ yẹn, kò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

9. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀

Ẹyọ owó onírin, kò sí ẹni tó máa ṣẹ́ńjì rẹ̀ fún yín nílé. Ẹ fi ra omi àti bísíkíìtì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Owó bébà tó ṣẹ́ kù, tí ẹ bá tún ń padà lọ láìpẹ́, ẹ fi pamọ́ dípò kí wọ́n tún gé e lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ ò bá mọ ìgbà tí ẹ máa padà lọ, ẹ ṣẹ́ńjì rẹ̀. Ìyá mi ní séfà nílé ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n gé iye séfà sí ìlàjì sí owó Faransé. Ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí tó fi papò dà.

Èyí tí mo bá mú délé, inú àpò ìwé ni mo máa ń fi sí, mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo dé àti iye tí mo fi rà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí n lè fi wé iye tuntun nígbà tí mo bá tún ń lọ. 35,000 séfà ló wà níbẹ̀ báyìí, nínú àpò àárín tòbí yẹn.